Dámọ̀ràn

Yàrá mi ni wọ́n ń kó àga tó bá ṣẹ́ sí.
Wọ́n fi ọ̀dà kọ OLÙDÁMỌ̀RÀN sí ẹnu ọ̀nà,
òjò ti fọ OLÙ lọ.
Ó ku DÁMỌ̀RÀN,
bí ẹni tó ń pàṣẹ fún mi láràárọ̀.

Ní Mọ́pà níbí, lábẹ́ òkúta tó ń mu oòrùn sára títí di alẹ́,
akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá
ni ilé-ìwé ìjọba wa ní,
èmi nìkan ṣoṣo ló ní fún ẹjọ́ wọn:
inú rírun, bàtà tó já,
fọ́ọ̀mù Wáẹ̀kì tí owó rẹ̀ kù díẹ̀,
bàbá tó lọ sí Òkénè tí kò bọ̀,
ọmọbìnrin tó wá sunkún
tó ní ṣọ́ọ̀kì lòun wá yá.
Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já.
Ìwé náà a máa lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan ní táàmù,
a padà pẹ̀lú òǹtẹ̀.
Òǹtẹ̀ nìkan.

Ìgbà kajú ni, kíláàsì ti ṣófo.
Àwọn ọmọ wà lóko, oje kajú ń jó ètè wọn.
Dúrótolú kò lọ.
Ọ̀gá Mẹ́dùbí fi etí fà á wọlé:
"Ọ̀lẹ ni! Kì í da ọ̀rọ̀ ojú pátákó kọ,
ti ọmọ tó jókòó tì í ló ń dà kọ,
tàṣìṣe tàṣìṣe."

Mo ní kó jókòó.
Ó fi ọwọ́ wá àga kó tó jókòó.

Mo lọ dúró létí fèrèsé, mo na ìka mẹ́ta.
"Mélòó nìyí?"
"Ẹ̀yin ni, mà."
"Mélòó, mo ní."
"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Òórùn róòbù yín ni."

Ọdún mẹ́fà ló ti ń jẹ pàṣán
nítorí ohun tí kò rí.

Mo kọ lẹ́tà. Mo kọ òmíràn.
Kábà ní fọ́ọ̀mù ti tán.
Fọ́ọ̀mù dé, ẹni tí yóò buwọ́ lù ú ti lọ sìnkú ní Ìyàrá.
Ó dé, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwa òṣìṣẹ́
bí ẹni ń ka ewúrẹ́ tó jẹ̀ wálé.
Táàmù mẹ́ta.
Ìyá àgbà rẹ̀ ru àpò kajú kan wọlé, ó sọ ọ́ kalẹ̀ gbì:
"Ọ̀kun o, ọmọ mi.
Tà á, kí o fi ra ojú fún un."
Mo tà á. Kò tó.
Mo fi nǹkan lé e, tí ọkọ mi kò gbọdọ̀ gbọ́.

Ọjọ́rú ni awò náà dé, nínú nọ́ọ̀lọ́ọ̀nù dúdú,
wọ́n ti fi púlásítà di apá rẹ̀ kan.
Ó fi sójú.
Mo ti ń retí kó wo òkúta, kó wo ojú ọ̀run,
kí n sọ òtítọ́, mo ti ń retí ọpẹ́.

Kò wo ọ̀kankan.
Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀,
ó dúró níwájú ògiri
níbi tí a ń kọ àwọn tó jẹ gbèsè owó òbí òun olùkọ́ sí.
Ó fi ìka tẹ̀lé e, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì:
Arókòyọ̀ Dúrótolú. Ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀.

"Ó ti pẹ́ níbí, mà?"
"Láti èṣí."
"Gbogbo wọn ló ń kà á?"

N kò fèsì.

"Ta ló kọ ọ́?" ó ní,
kò yí ojú padà.
"Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára."

Mo fi ọwọ́ tó ní ṣọ́ọ̀kì pamọ́ sẹ́yìn.